PCT láti aṣálẹ̀ dé inú yìnyín Sierra: ọjọ́ wo ló yẹ kí n gbéra ní Campo?

Àdùkẹ́_Houston

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo fẹ́ dá sí i. Ìwé àṣẹ PCT mi ti jáde. Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ni wọ́n fún mi láti gbéra ní Campo, létí ààlà Mexico. Fún àwọn tí kò bá mọ̀ ọ́n, Pacific Crest Trail ni à ń pè ní PCT, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba California, Oregon àti Washington kọjá títí dé ààlà Kánádà. Máìlì 2,650 ni, bíi kìlómítà 4,265. Ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn fi ń rìn ín, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ó sì máa gbà mí tó oṣù márùn-ún.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Máìlì 700 àkọ́kọ́, aṣálẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Téèyàn bá ti dé Kennedy Meadows, aṣálẹ̀ parí nìyẹn, òkè Sierra Nevada ló kàn, yìnyín sì wà níbẹ̀. Houston ni mo ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí, ooru ò bà mí lẹ́rù. Yìnyín tí mo mọ̀ ò ju ti inú fìríìjì lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá ọjọ́ mìíràn gbà lóṣù kẹta kí oòrùn má bàa pa mí ní aṣálẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n sún un di ìparí oṣù karùn-ún kí yìnyín ti yọ́ tán. Èwo ni ká ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Màmá mi l'Ọ́ṣogbo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún àwọn aládùúrà.

Bọ̀dé_Ìbàdàn

Àdùkẹ́, ìbéèrè kan péré: ta ló ń lé ọ?

Àwọn bàbá wa tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn dé Èkó láyé àtijọ́, ọjà ni wọ́n gbé lọ tà. Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ lọ tà ní ààlà Kánádà?

Ẹ̀gbọ́n_Portland

Bọ̀dé, o ò ní pa wá lẹ́rìn-ín. Jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn.

Àdùkẹ́, má pààrọ̀ ọjọ́ ẹ. Mo ti rin ọ̀nà yìí tán, ohun tí mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó má ka ọjọ́ láti Campo. Kennedy Meadows ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kó o wá máa kà á bọ̀ sẹ́yìn. Ó wà ní máìlì 702. Lọ́dún tí yìnyín bá mọ níwọ̀n, àárín oṣù kẹfà ló yẹ kéèyàn máa tibẹ̀ gòkè. Tá a bá ní máìlì 15 lo máa ń rìn lójúmọ́, ká ti ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn, ọjọ́ 47 ni. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ìyẹn bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹfà. Sinmi díẹ̀ sí i ní ìlú Tehachapi lójú ọ̀nà, ó pé.

Ẹni tó ní kó o lọ lóṣù kẹta ò ro ti iwájú. Wàá dé Kennedy Meadows ní ìparí oṣù kẹrin, nígbà tí yìnyín orí òkè ṣì ga gan-an, tí àwọn tó ń rìn níwájú ò tíì pọ̀ tó láti là á fún ọ. Ẹni tó ní kó o dúró di ìparí oṣù karùn-ún náà ń gbé ọ jù sínú ooru. Oṣù kẹfà ni wàá wà ní aṣálẹ̀ Mojave, ooru ibẹ̀ lè kọjá 40 sẹ̀ǹtígíréèdì, ọ̀pọ̀ ìsun omi kéékèèké á sì ti gbẹ. Ká ní o là á já, oṣù keje lo máa tó wọ Sierra, máìlì tó lé ní 1,900 á ṣì wà níwájú. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án, yìnyín lè bẹ̀rẹ̀ sí í já ní Washington. Yìnyín lo sá fún, yìnyín náà lo tún máa lọ bá.

Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ: aṣálẹ̀ yẹn, orúkọ ló pọ̀ ńbẹ̀. Kì í ṣe iyanrìn gbẹrẹfu. Kó o tó rin máìlì 200, o ti gun ẹ̀gbẹ́ òkè San Jacinto dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 9,000, igi páìnì ló kún ibẹ̀. Lóṣù kẹta, yìnyín tó ti gan pa máa ń wà lójú ọ̀nà náà. Ní 2020, arìnrìn-àjò kan yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lóṣù kẹta, ó sì kú. Nítorí náà ẹni tó bá tètè lọ kó má bàa bá ooru pàdé, ó lè pàdé yìnyín kó tiẹ̀ tó gbọ́ orúkọ Sierra. Lẹ́yìn San Jacinto, ọ̀nà á wá já wálẹ̀ dé àfonífojì San Gorgonio, tó rẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 1,500, kò sì tó máìlì 30 láti òkè dé ìsàlẹ̀. O fi jákẹ́ẹ̀tì jí láàárọ̀, ọjọ́ kejì o ń wá ibi tí òjìji wà. Orúnkún ló máa ń ké jù níbẹ̀.

Mọjí_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ mo fẹ́ fi kún un. Kàlẹ́ńdà ò lè gbèjà èèyàn lórí yìnyín. Àwọn ọdún ò dọ́gba rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, nígbà tí wọ́n máa ń wọn yìnyín California, ti 2015 ò ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó máa ń wà lọ. Ti 2023 jẹ́ ìdá 237 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó dé Kennedy Meadows ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ní 2015, eruku ló bá. Ẹni tó dé lọ́jọ́ kan náà ní 2023, yìnyín bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ pátápátá, odò sì ń ru. Nítorí náà, Àdùkẹ́, mú ọjọ́ ẹ, àmọ́ láti oṣù kẹrin ni kó o ti máa wo ẹ̀rọ tó ń wọn yìnyín ní Bighorn Plateau, tó wà nítòsí ojú ọ̀nà gan-an, kò jìnnà sí Forester Pass, ibi tí ọ̀nà ti la àárín òkè kọjá. Ohun tó bá sọ ni kó o gbà, má gba ti ẹnu èèyàn inú Facebook.

Ìkejì, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo àáké yìnyín. Kíkà nínú ìwé ò tó. Tẹ́sẹ̀ bá yọ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lo ní láti yí inú padà sílẹ̀, kó o fi gbogbo ara tẹ ẹnu àáké mọ́ yìnyín, kó o gbé ẹsẹ̀ sókè kí irin ìsàlẹ̀ bàtà má bàa kọ́ ọ kó o máa yí gbiri. Ara gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí orí tó rò ó. Mo rí ọ̀pọ̀ tó so àáké mọ́ ẹ̀yìn báàgì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó jẹ́ pé wọ́n kàn gbé e wá ya fọ́tò.

Jẹ́ kí n sọ bí Forester Pass ṣe rí fún ọ, òun ló ga jù lójú ọ̀nà PCT, ẹsẹ̀ bàtà 13,153, mítà 4,009. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, kò ju mítà 2,419 lọ. Tó o bá ń bọ̀ láti gúúsù, ògiri àpáta ló máa dúró tì ọ́ níwájú, o ò ní rí ibi téèyàn lè gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ló gbẹ́ ọ̀nà náà sínú àpáta ní nǹkan bí 1930 sí 1932. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó o dé orí ẹ̀, wàá dé ibì kan tí yìnyín ti kún àárín àpáta méjì, ó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, kò fẹ̀, ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan ni. Ẹnì kan ló ń kọjá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ṣíwájú ti gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ síbẹ̀, inú ihò yẹn gan-an ni kó o máa ki ẹsẹ̀ bọ̀, kí àáké wà ní ọwọ́ tó wà lápá òkè, kó o má wo ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tó o fi kọjá. Àwọn tó dé ibẹ̀ kí oòrùn tó le, yìnyín gbé wọn dáadáa. Àwọn tó dé lọ́sàn-án ń rì dé orúnkún.

Àdùkẹ́_Houston

Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Àǹtí Mọjí, ọkàn mi já nígbà tí mo kà á, àmọ́ ẹ ṣé gan-an ni. Kí ló dé tí wọ́n fi ń rì lọ́sàn-án? Ṣé yìnyín kan náà kọ́ ni?

Mọjí_Leeds

Òun náà ni. Lóru, ojú ẹ̀ máa ń gan. Láàárọ̀ kùtù, tó o bá so microspikes, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, orí ẹ̀ lo máa rìn. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́wàá, oòrùn á ti rọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ á wọlé gbùúù dé itan, nígbà mìíràn àárín àpáta méjì lẹsẹ̀ máa bọ́ sí. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti ń kán. Ẹ̀gbẹ́ àpáta àti ìdí igi ni kó o ṣọ́ra fún jù, torí ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ yọ́ lábẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Sierra fi ń jí ní aago méjì tàbí mẹ́ta òru, tí wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì orí rìn, kí wọ́n lè débi tí ọ̀nà ti la àárín òkè kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ní ọ̀sán, wọ́n ti pàgọ́, wọ́n ń sá sọ́ọ̀kì.

Ẹ má gbàgbé jígí ojú dúdú. Oòrùn tó bá kan yìnyín ń ta padà sókè ni. Abẹ́ àgbọ̀n àti inú imú mi jóná. Mi ò mọ̀ pé inú imú èèyàn lè jóná láyé mi. Fi ìpara síbẹ̀, má tijú.

Táyé_Maryland

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Kí ló dé tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bíi pé dandan ni kéèyàn gba inú yìnyín kọjá? Tí yìnyín bá pọ̀, wọ mọ́tò láti Kennedy Meadows lọ sí àríwá California tàbí Oregon, rìn níbẹ̀, kó o padà wá rin Sierra lóṣù kẹjọ nígbà tó ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Wọ́n rin gbogbo máìlì náà, wọ́n kàn yí ètò ẹ̀ padà ni. Ẹni tó bá ní ìyẹn kì í ṣe rírìn tán, kó wá fi ìwé òfin hàn wá.

Mọjí_Leeds

Táyé, mi ò ní kì í ṣe rírìn tán. Àmọ́ àwọn tó fo Sierra lọ sí àríwá lọ́dún yẹn, yìnyín wà níbẹ̀ náà, nítorí òkè Cascade ò yọ́ kíákíá. Àwọn kan fò ní ìgbà méjì, mẹ́ta, wọ́n ń wá ibi gbígbẹ káàkiri, wọ́n sì pàdánù àwọn tí wọ́n jọ ń rìn látìbẹ̀rẹ̀. Ní Sierra, ìyẹn ló burú jù. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ dá rìn níbẹ̀ nígbà yìnyín.

Ẹ̀gbọ́n_Portland

Ẹ̀yin méjèèjì ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju yìnyín fúnra ẹ̀ lọ: omi tó yọ́ láti inú ẹ̀. Ní 2017, obìnrin méjì kú sínú odò Sierra láàárín oṣù kan, arìnrìn-àjò PCT làwọn méjèèjì. Ọdún yìnyín ńlá ni. Èmi ò rò pé wọ́n ya dìndìnrìn, odò yẹn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àdùkẹ́, fetí sílẹ̀. Odò Sierra kéré jù láàárọ̀, ó pọ̀ jù nírọ̀lẹ́, torí ohun tí oòrùn yọ́ lọ́sàn-án, ó ń gba wákàtí kó tó ṣàn dé ìsàlẹ̀. Bó o bá dé etí odò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí kò wù ọ́, pàgọ́. Aago márùn-ún òwúrọ̀, odò mìíràn lo máa bá. Má wọ ibi tí odò ti tín-ín-rín, ibẹ̀ ló ti jìn tó sì ń sáré. Wá ibi tó fẹ̀, tó pín sí ẹ̀ka. Máa wo ìsàlẹ̀ odò kó o tó wọlé: bí ìtàkìtì omi tàbí igi tó ṣubú bá wà níbẹ̀, kúrò. Tú ìgbànú báàgì kó o lè sọ ọ́ nù bó o bá ṣubú. Má bọ́ bàtà. Kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, fi ọ̀pá rẹ ṣe ẹsẹ̀ kẹta. Bear Creek, Evolution Creek àti Kerrick Creek, àwọn odò tó léwu nìyẹn, kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yìí mú mi rántí nǹkan kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn máìlì 517, ní Antelope Valley, wàá máa rìn lórí omi. Mo ní LÓRÍ omi. Ọ̀nà omi Los Angeles ni, èyí tí wọ́n ṣí ní 1913. Wọ́n fi kọnkéré àti páìpù irin bò ó, ọ̀nà PCT sì ń tọ̀ ọ́ lọ nínú aṣálẹ̀. Ooru ibẹ̀ pọ̀ débi pé òru ni ọ̀pọ̀ ń rìn ín. Òùngbẹ ń gbẹ ọ́, omi ń lọ lábẹ́ bàtà ẹ, o ò lè fẹnu kàn án. Níbo ni omi yẹn ti wá? Owens Valley, ní ìlà-oòrùn Sierra. Yìnyín òkè tó ò tíì dé, tó o ti ń bẹ̀rù láti Houston, òun náà ló ń ṣàn lọ sí Los Angeles lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ.

Bọ̀dé_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára díẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn: lítà omi mélòó lèèyàn ń rù?

Ẹ̀gbọ́n_Portland

Ó sinmi lórí ibi tó o wà. Lítà kan, kìlógíráàmù kan, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Láti Scissors Crossing dé Barrel Spring, ó tó máìlì 24, òkè gbígbẹ sì ni, oòrùn ń kan ọ́ gbangba. Lítà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ń gbé níbẹ̀. Àwọn èèyàn rere kan máa ń gbé ike omi sí àárín ọ̀nà náà. Má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bó o bá bá a, dúpẹ́, mu ìwọ̀nba, fi tàwọn tó ń bọ̀ sílẹ̀. Láti ẹ̀yìn Tehachapi lọ sí Walker Pass tún burú jù bẹ́ẹ̀, ó lè lé ní máìlì 30 láì sí omi tó dájú. Inú áàpù FarOut làwọn tó wà níwájú máa ń kọ ọ́ sí pé ìsun báyìí ń ṣàn, tibí yìí ti gbẹ. Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kó o tó gbà á gbọ́.

Láti aago mọ́kànlá sí mẹ́rin, wá abẹ́ àpáta, sùn. Agboòrùn tí wọ́n fi nǹkan fàdákà bò wúlò. Ejò rattlesnake máa ń fi ìrù pariwo kó tó bínú, nítorí náà yọ earphone kan kúrò létí.

Bàbá_Ìbejì_Ṣómólú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan ni mo ní ńkọ́? Ṣé ọ̀nà yìí tiẹ̀ wà fún irú wa?

Táyé_Maryland

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ilé. Mi ò ní tàn yín. Ní oṣù keje 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò fún àwa ọmọ Nàìjíríà di oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan; nígbà tó sì di oṣù kìíní 2026, wọ́n dá fífún ọ̀pọ̀ wa ní físà àbẹ̀wò tuntun dúró. Ẹni tó bá ní físà lọ́wọ́, iye ọjọ́ tó lè lò, ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó bá a ní pápákọ̀ òfurufú ló wà. Òfin wọn tún ń yí padà lemọ́lemọ́, ẹ wò ó lójú òpó wọn fúnra wọn kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹni tí wọn ò bá fún ní oṣù tó tó, ó lè rin apá kan: California nìkan ju máìlì 1,600 lọ. Ìwé àṣẹ fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, èèyàn 50 péré ni wọ́n ń gbà láti gbéra ní ààlà Mexico lójúmọ́, láti oṣù kẹta dé ìparí oṣù karùn-ún, ó sì máa ń tán kíákíá.

Kánádà tún ti ti ilẹ̀kùn tiẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fúnni ní ìwé láti gba ojú ọ̀nà wọlé. Láti oṣù kìíní 2025, ó ti tán. Ẹ ó dé ibi òpó ààlà, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó sì rin nǹkan bíi máìlì 30 padà sí Harts Pass kẹ́ ẹ tó rí mọ́tò.

Bọ̀dé_Ìbàdàn

Máìlì 2,650, wọ́n tún ní kó padà sẹ́yìn. Ọlọ́run má jẹ́ n rí ogun ìdílé.

Àdùkẹ́_Houston

Bọ̀dé 😂😂. Ẹ jẹ́ kí n béèrè oúnjẹ. Ṣé gaàrí ṣeé gbé? Ẹni tó ń ta nǹkan ìpàgọ́ fún mi ń fi oúnjẹ inú ọ̀rá tó wọ́n bí ojú hàn mí, mo sì ń wò ó pé Ìjẹ̀bú gaàrí wà nílé.

Ẹ̀gbọ́n_Portland

Gaàrí! Àwọn òyìnbó tí kì í gbé sítóòfù, tí wọ́n ń rẹ oúnjẹ sínú ike omi tútù, tí wọ́n sì ń pè é ní ọgbọ́n tuntun, mo jókòó tì wọ́n, mo da gaàrí sínú omi, ìṣẹ́jú kan, mo ń jẹ. Wọ́n yà mọ́ ọn. Gíráàmù 100 gaàrí ń fúnni ní nǹkan bíi kálórì 350. Kò ní pròtéìnì rárá ni ká sọ, nítorí náà ẹ̀pà, kúlíkúlí àti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Èbà ṣòro díẹ̀ lókè: ní ẹsẹ̀ bàtà 11,000, omi ń hó ní nǹkan bíi 89 sẹ̀ǹtígíréèdì, èbà á rọ̀ jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀. Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà ni kó o gbàgbé pátápátá, gáàsì ẹ á tán kó tó jinná.

Ìṣòro gidi ni ike béárì. Ní ibi púpọ̀ ní Sierra, dandan ni kéèyàn fi oúnjẹ sínú ike líle tí béárì ò lè ṣí. Ó lé ní kìlógíráàmù kan láìtíì kó nǹkan sí i. Gbogbo ohun tó bá ń ní òórùn ló ń wọ inú ẹ̀: ọṣẹ, ìpara, ọṣẹ ìfọyín. Gaàrí dára fún un torí ó máa ń kún gbogbo igun. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi irú sílẹ̀ sí Houston. Béárì inú ọgbà Yosemite ní Sierra máa gbọ́ òórùn yẹn láti òkè kejì.

Mọjí_Leeds

Irú! 😂 Ẹ̀gbọ́n ti pa mí.

Àdùkẹ́, fi ike béárì ránṣẹ́ sí Kennedy Meadows pẹ̀lú àáké àti jákẹ́ẹ̀tì nípọn. Ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ máa ń gba ẹrù fún àwọn arìnrìn-àjò, ẹ kọ́kọ́ wádìí iye tí wọ́n ń gbà. Kò sí ìdí láti rù wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá, àfi bí yìnyín bá ṣì wà ní San Jacinto.

Àdùkẹ́_Houston

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni èyí tí mi ò fẹ́ kọ́kọ́ béèrè. Obìnrin ni mí, dúdú ni mí, èmi nìkan ni mo ń lọ. Kí n dúró létí títì ní ìlú kékeré California, kí n máa nawọ́ sí mọ́tò fún lífìtì?

Ẹ̀gbọ́n_Portland

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lójú ọ̀nà fúnra ẹ̀, mi ò rí ìṣòro, ìyà tó ń jẹ gbogbo wa ló sọ wá di ará ilé. Títì ni nǹkan mìíràn. Èmi, mi ò dá nawọ́ sí mọ́tò rí; ẹlẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta la jọ máa ń dúró. Bí mọ́tò bá dúró tí ara ẹ ò gbà á, sọ pé o gbàgbé nǹkan, padà sínú igbó. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Àwọn tí wọ́n ń pè ní trail angel tún wà, ará ìlú tó ń gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà wọn máa ń wà lọ́wọ́ àwọn tó wà níwájú.

Àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ti rìn ín. Will Robinson, sójà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Akuna lójú ọ̀nà, parí ọ̀nà gígùn mẹ́ta Amẹ́ríkà ní 2019: Appalachian, Continental Divide àti PCT yìí. Wá àwọn fídíò ẹ̀ wò.

Mọjí_Leeds

Ti obìnrin, mo máa kọ ọ́ sí ìkọ̀kọ̀ fún ọ, Bọ̀dé wà níbí. Àmọ́ èyí tí mo lè sọ ní gbangba: rí i pé o ní ẹgbẹ́ tó o máa bá wọ Sierra kó o tó kúrò ní Kennedy Meadows. Èèyàn mẹ́rin dáa. Kí ẹ jókòó, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ìgbà tẹ́ ẹ máa yí padà. Ẹni tó bá ń sọ pé òun ò lè yí padà láéláé, má bá a lọ.

Àdùkẹ́_Houston

Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà sọ díẹ̀, torí mo rí i pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan afẹ́fẹ́. Láti nǹkan bíi mítà 2,500 lọ sókè, afẹ́fẹ́ á ti fẹ́lẹ́ débi pé àìsàn òkè lè mú èèyàn: orí fífọ́, èébì, àìlèjẹun, àìróorun sùn. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, dúró níbi tó o wà, má gòkè sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nílẹ̀ títẹ́jú, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń ṣe wérewère, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó, ìsàlẹ̀ ni kó máa lọ lójú ẹsẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ má dúró wò ó pé ilẹ̀ á mọ́.

Mo ti rí ìdí tí ọjọ́ 24 fi dáa, mi ò pààrọ̀ ẹ̀ mọ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì àáké yìnyín ní Colorado lóṣù kejì.

Mọjí_Leeds

Ó káre! Nǹkan kan tí wọn ò ní sọ fún ọ ní kíláàsì: fíltà omi. Àwọn oníhò tín-ín-rín bíi Sawyer, bí omi inú wọn bá dì, wọ́n bàjẹ́, o ò sì ní mọ̀ torí omi á ṣì máa gbà á kọjá. Láti alẹ́ àkọ́kọ́ lókè, fi sínú ọ̀rá, gbé e sùn. Fóònù àti bátìrì náà.

Bọ̀dé_Ìbàdàn

Bàtà ńkọ́? Òun náà ń bá a sùn?

Mọjí_Leeds

Bí ó bá tutù, ó máa gan lóru, ẹsẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Tú okùn ẹ̀, ṣí ẹnu ẹ̀ gbagada kó o tó sùn, kó lè wọlé bó tiẹ̀ gan. Àwọn kan ń fi ọ̀rá wé e, wọ́n ń gbé e sí ìdí àpò ìsùn lápá ẹsẹ̀. Àdùkẹ́, ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju nọ́ńbà ẹ lọ, ẹsẹ̀ máa ń wú ní aṣálẹ̀.